Ẹ Má Ju Bàtà Àwọn Àgbà Sórí Ààtàn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnì kan kọ̀wé sí ojú ewé yìí láìpẹ́ pé ọmọlúàbí ò gbọdọ̀ ti ẹsẹ̀ bọ bàtà tí ẹlòmíràn ti wọ̀ rí. Ó ní ìṣẹ́ ló ń mú èèyàn ṣe é, ó ní àrùn wà níbẹ̀, ó tún ní bàtà òkìrìkà ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn aránbàtà wa. Ó wá ní kí ẹni tí kò bá lówó bàtà tuntun máa wọ sílípáàsì títí Ọlọ́run á fi ṣe é. Mo ka lẹ́tà náà dáadáa, mo sì gbà pé ire ló ń fẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n mi ò lè dákẹ́ sí i, nítorí bàtà àtijọ́ ni mò ń wọ̀ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge. Òun ni mò ń wá kiri, òun ni mò ń kó jọ, inú mi sì ń dùn sí gbogbo èyí tó wà nílé mi.

Aránṣọ ni mí, Ìṣọ́kùn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà níbí ní Iléṣà. Ẹsẹ̀ mi gùn ju ti ọ̀pọ̀ obìnrin lọ. Nọ́ńbà 42 ni mò ń wọ̀, bàtà obìnrin tí wọ́n ń kó wá sọ́jà wa kì í sì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ yà sídìí àwọn tó ń ta bàtà ọkùnrin, ibẹ̀ sì ni ojú mi ti là. Mo rí i pé bàtà tí wọ́n rán kí Nàìjíríà tó gbòmìnira ṣì ń bẹ tó ṣeé wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, tí èyí tí wọ́n ṣe ní èṣí sì ti lanu sílẹ̀ lórí àtẹ. Ẹni tó bá ń fi abẹ́rẹ́ jẹun ò lè rí irú ìyẹn kó má béèrè ohun tó fà á.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà so awọ òkè mọ́ àtẹ́lẹ̀ ló fà á. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lóde òní ni kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ó yá, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n bí gọ́ọ̀mù bá ti gbẹ, bàtà ti parí nìyẹn. Òmíràn wà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ rán láti inú bàtà jáde tààrà sí ìsàlẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Lyman Blake ló gba ìwé àṣẹ ẹ̀rọ náà ní 1858. Bí ẹ bá ti ọwọ́ bọ inú irú bàtà bẹ́ẹ̀, ẹ ó fọwọ́ kan òwú tó tò yí ká níbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀.

Èyí tí èmi ń wá ju gbogbo rẹ̀ lọ ni èyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè ní Goodyear welt. Wọ́n á kọ́kọ́ rán awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ etí awọ òkè yí ká, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá rán àtẹ́lẹ̀ mọ́ awọ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Ìrán méjì ni, ọ̀kan ò sì fara kan èkejì. Nígbà tí àtẹ́lẹ̀ bá jẹ tán, aránbàtà á tú ìrán ìsàlẹ̀ nìkan, á fi tuntun sí i, kò ní gún awọ òkè lójú rárá. Ó dà bí ìgbà tí mo bá fi aṣọ sílẹ̀ nínú ìrán síkẹ́ẹ̀tì ìyàwó tuntun, kí a lè tú u fẹ̀ sí i lọ́jọ́ tó bá lóyún. Ẹni tó rán an ti ń ro ọjọ́ iwájú. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀, kí Charles Goodyear kékeré tó mú kí ẹ̀rọ rẹ̀ gbajúmọ̀ ní nǹkan bí 1870. Bàbá ọkùnrin yìí ni ẹni tó gba ìwé àṣẹ ní 1844 lórí bí wọ́n ṣe ń fi iná àti imí-ọjọ́ mú kí rọ́bà le. Ọ̀pọ̀ bàtà aláwọ tó ti Northampton wá, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n rán báyìí. Ìlú oníbàtà pọ́ńbélé ni Northampton àti àwọn abúlé tó yí i ká. Tricker's ti ń rán bàtà láti 1829, Church's láti 1873, Loake láti 1880. Tuntun irú bàtà wọ̀nyí kọjá agbára èmi àti ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ka lẹ́tà yìí. Àlòkù rẹ̀ kọ́.

Nítorí náà, bí mo bá dé ọjà Àtakúnmọ̀sà, n kì í kọ́kọ́ wo àwọ̀ bàtà. Mo máa ń dojú rẹ̀ délẹ̀ ni. Mo ń wá òwú. Kí ẹ ṣọ́ra o, nítorí wọ́n máa ń tẹ àwòrán ojú ìrán sára rọ́bà láti fi tan ènìyàn. Ẹ fi èékánná wá a wò: òwú gidi á wọ inú ihò lọ, á sì jáde ní ibòmíràn, èyí tí wọ́n tẹ̀ kò ní lọ síbì kankan. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ń ká bàtà náà síwájú díẹ̀. Awọ màlúù tòótọ́ á hunjọ wẹ́wẹ́, á sì padà nà. Èyí tí wọ́n fi ọ̀dà rọ́bà bò á máa sán, á sì máa bó láwẹ́láwẹ́. Bí awọ bá ti sán jinlẹ̀ níbi tí ìka ẹsẹ̀ ń ká, mo dá a padà, bó ti wù kó rẹwà tó, torí kò sí òróró tàbí kíwì tó lè so ó pọ̀ mọ́.

Téèpù ìwọ̀n mi kì í kúrò lọ́rùn mi, òun náà ni mo fi ń wọn inú bàtà. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára bàtà àtijọ́ máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Ti àwọn ará Yúróòpù, ìdá méjì nínú mẹ́ta sẹ̀ǹtímítà ló wà láàárín nọ́ńbà kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìdá kan nínú mẹ́ta íǹṣì ni. Nọ́ńbà 8 àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló sún mọ́ 42 tèmi, àwọn ará Amẹ́ríkà á sì pè é ní 9 fún ọkùnrin. Bí lẹ́tà kan bá tẹ̀ lé nọ́ńbà náà, bíi E tàbí F tàbí G, ìbú ẹsẹ̀ ló ń sọ. Ọ̀pọ̀ wa ni ẹsẹ̀ wa fẹ̀ níwájú nítorí pé a fi ìgbà èwe rìn láìwọ bàtà. Ẹ wá lẹ́tà náà kí ẹ tó náwó. Bàtà tó há kì í là fún ẹnikẹ́ni. Ìyà lásán ni.

Ní ti owó, mo ní iye tí n kì í kọjá. ₦7,000 ni, àti bàtà, àti àtúnṣe rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń tú béèlì, ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá bàtà eré ìdárayá máa tì ara wọn síbẹ̀. Èmi máa ń dúró títí béèlì náà á fi pẹ́ nílẹ̀, tí ẹni tó ni ín á ti máa wá owó òmíràn. Ìgbà yẹn ni bàtà aláwọ tó dọ̀tí, tí okùn rẹ̀ ti sọnù, tí ẹnikẹ́ni ò yà sí, máa ń di ₦2,500 tàbí ₦3,000. Bàtà tó dọ̀tí dára lójú mi ju èyí tí wọ́n ti kùn lọ. Àwọn kan máa ń fi dáì dúdú kun gbogbo rẹ̀ kó lè dán, abẹ́ dáì yẹn ni awọ sísán ń sá pamọ́ sí. Ẹ bẹ ẹni tó ń tà á fún yín pé kó má kùn ún, kó ta á bó ṣe wà. Bí ẹ bá ti di oníbàárà rẹ̀, á máa bá yín ṣa irú rẹ̀ sọ́tọ̀.

Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ fetí sí ohun tó kàn yìí gidigidi, nítorí owó ńlá ni wọ́n ń pàdánù sí i. Bàtà kan wà tó jẹ́ pé inú páálí ló ti wà láti bí ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, ẹsẹ̀ kankan ò wọ̀ ọ́ rí, awọ rẹ̀ ń dán. Ẹ̀ ń rà á, ẹ̀ ń dúpẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wọ̀ ọ́ jáde, àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú títì, ẹ ó sì fẹsẹ̀ lásán wálé. Ẹ̀bi ẹni tó tà á kọ́. Àtẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n fi polyurethane ṣe, ìyẹn fóòmù tó fúyẹ́ tó sì rọ̀, tó wọ́pọ̀ lára bàtà ìrọ̀rùn àti bàtà eré ìdárayá láti bí 1970 síwájú. Omi inú afẹ́fẹ́ ni ó ń tú u láti inú wá, bí ooru bá sì pọ̀, á yára sí i. Pé a ò wọ̀ ọ́ kò dá a dúró. Ẹ̀yin náà mọ bí afẹ́fẹ́ Iléṣà ṣe ń rin láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹwàá, tí aṣọ inú àpótí pàápàá ń rùn. Polyurethane ò lè pẹ́ nínú irú ojú ọjọ́ yìí. Ẹ fi èékánná tẹ àtẹ́lẹ̀ náà kí ẹ tó sanwó. Bí ojú ibẹ̀ bá wọlé tí kò padà, tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tàbí tó ń bu wẹ́wẹ́, ẹ gbé e sílẹ̀. Rọ́bà tòótọ́, awọ, àti ike líle kò ní ìṣòro yẹn.

Bàtà Clarks tí wọ́n ń pè ní Desert Boot, tí Nathan Clark gbé jáde ní 1950, ni mo tún fẹ́ dárúkọ nítorí pé wọ́n máa ń gbé e sọ nù níbí. Rọ́bà kíréèpù ni àtẹ́lẹ̀ rẹ̀, oje igi rọ́bà gan-an. Ooru máa ń jẹ́ kó lẹ̀, kó sì dúdú, àwọn ènìyàn á wá rò pé ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Aránbàtà tó mọṣẹ́ lè pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí bàtà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Mo ní bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ kan tí wọ́n kọ «Made in West Germany» sí inú rẹ̀. Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn di ọ̀kan padà ní oṣù Kẹwàá 1990, nítorí náà bàtà yẹn dàgbà ju ọmọbìnrin mi lọ, ó sì ṣì ń bá mi lọ sí ìpàdé. Èyí tí wọ́n kọ Czechoslovakia sí ti wà kí 1993 tó wọlé, ìgbà tí orílẹ̀-èdè náà pín sí méjì. Ibẹ̀ náà, ní ìlú Zlín, ni Tomáš Baťa àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ti dá iléeṣẹ́ Bata sílẹ̀ ní 1894. Búùtù Dr. Martens, tí òwú ìyeyè yí etí rẹ̀ ká, jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin 1960. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe é títí di 2003 tí wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà lọ sí Éṣíà. Ọmọ mi ọkùnrin ló kọ́ mi ní ìyẹn, òun náà ti wọ iṣẹ́ ìwá-bàtà yìí báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀ àrùn tí ẹni tó kọ̀wé náà sọ. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àrùn tó máa ń jẹ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ lè fara pamọ́ sínú bàtà. N kì í wọ bàtà kankan lọ́jọ́ tí mo rà á. Mo máa ń yọ ìtẹ́lẹ̀ inú rẹ̀ dànù, mo ń gé tuntun sí i láti ara awọ tín-ínrín tàbí aṣọ nípọn tó ṣẹ́kù ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ń fi aṣọ tí mo rẹ sínú sípíríìtì nu gbogbo inú rẹ̀, dé ibi tí orí ìka ń sùn. Lẹ́yìn náà ni mo ń ki bébà ìwé ìròyìn bọ̀ ọ́ (tiyín ni mo sábà ń lò, ó ń fa omi dáadáa), mo ń gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí lábẹ́ òjìji, mo sì ń pààrọ̀ bébà náà nígbà tó bá rin. Ẹ má sá bàtà aláwọ sóòrùn, ẹ má sì yá a níná, torí awọ tó bá gbẹ lódì á sán. Bí òde rẹ̀ bá ti bu funfun, fínígà díẹ̀ nínú omi á mú un kúrò. Nígbà tó bá gbẹ tán ni mo ń fi òrí tó kéré gan-an pa á, mo ń jẹ́ kó mu ún mọ́jú, kí n tó wá kan kíwì. Bàtà tí híìlì rẹ̀ jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí inú rẹ̀ ti gba àpẹẹrẹ ẹsẹ̀ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, n kì í rà á. Orúnkún ló ń bá ènìyàn jà.

Ìmọ̀ràn nípa ọjà nìkan kọ́ ni mo fi kọ̀wé yìí. Ohun tó ń dùn mí jù ni àwọn bàtà tí kò wá láti inú béèlì kankan, tí wọ́n ti wà ní ilé wa ní Iléṣà láti bí àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òṣómàáló ni bàbá mi. Aṣọ ló ń gbé kiri abúlé títí dé apá Kàbà, á tà á láwìn, á sì padà lọ gbowó rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Irú wọn pọ̀ láàárín àwọn ọmọ Ọwá nígbà náà, ẹsẹ̀ wọn ni iléeṣẹ́ wọn. Bí ọjà bá tà, wọ́n á kọ́lé, wọ́n á sì lọ sí Èkó lọ ra bàtà tí wọ́n á máa wọ̀ lọ sí ìsìn àti ìpàdé ẹgbẹ́. Bàbá mi ní dúdú kan tí wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí lórí, ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti rán an, ó sì ní aláwọ̀ méjì kan, funfun àti àwọ̀ ilẹ̀, tó jẹ́ pé ọjọ́ ọdún nìkan ló ń jáde. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ ọ̀dọ́ ní ìgbà ìjọba ológun ní bàtà gáráńtì tiwọn, àwọn tí àtẹ́lẹ̀ wọn ga, tí wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgàdà. Gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ ibùsùn.

Nígbà tí bàbá wa lọ, a pín agbádá, a pín aṣọ òkè, a pín fìlà. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè bàtà. Inú àpò ìrẹsì ni wọ́n kó wọn sí, wọ́n ní kí wọ́n lọ sun ún. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé àpò náà fún mi. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ẹsẹ̀ òkú ni. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn, mi ò sì fẹ́ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, kó gbàdúrà sí i, tàbí kó fún ẹni tí ẹ̀rù ò bà. Ṣùgbọ́n aṣọ tí bàbá fi bora sùn, a pín in, a sì ń wọ̀ ọ́. Kí ló wá ṣe bàtà tó gbé e rìn kiri kó lè rán wa lọ sílé ìwé?

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí i pé ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ níbi gbogbo. Ní Ìjọfì, ní Ifọ́fín, ní Òkè-Ẹ̀sọ̀, bí wọ́n bá ti fẹ́ tún ilé olóògbé kun tàbí kí wọ́n fi yàrá rẹ̀ gba ayálégbé, bàtà ni nǹkan àkọ́kọ́ tó ń jáde sórí ààtàn. Mo ti rí èyí tí òjò ti pa sójú àgbàrá, tí awọ rẹ̀ ì bá tún lo ogún ọdún. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà yẹn gan-an ni à ń kó dànù, a wá ń sáré lọ sí ọjà lọ ra irú rẹ̀ tó ti Kútọ̀nú wọlé.

Ibí ni mo ti fẹ́ dá ẹni tó kọ̀wé lóhùn lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àwọn aránbàtà wa. Òun àti èmi jọ fẹ́ràn wọn ni. Ìjọba ti ka kíkó aṣọ àlòkù wọ orílẹ̀-èdè yìí léèwọ̀ tipẹ́, àwọn tó ń rán bàtà ní Aba sì ní ẹ̀tọ́ láti ké gbàjarè. Ṣùgbọ́n bàtà abẹ́ ibùsùn bàbá wa kò tún kọjá ẹnu ibodè kankan. Ó ti wà nílé. Ẹni kan ṣoṣo tó lè rí owó lórí rẹ̀ báyìí ni aránbàtà àdúgbò. Bàbá àgbàlagbà kan wà lápá Ẹrẹ́jà tó ń fi òlu àti òwú tó fi ìda kùn rán àtẹ́lẹ̀ mọ́ bàtà lọ́wọ́, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ tò débi pé èmi tí mò ń lo ẹ̀rọ ń dúró wò ó. Bàtà bàbá mi méjèèjì, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n gbà. Ó sọ fún mi pé gọ́ọ̀mù ni wọ́n ń gbé wá fún òun jù báyìí, pé bàtà tó ṣeé tú rán ti wọ́n, nítorí ìyẹn kò sí ọmọ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun. Àwọn ṣúṣáínà tó ń gbé àpótí kiri lè kun bàtà, wọ́n sì lè gán an, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ti ẹsẹ̀ títì. Bí bàtà tó ṣeé tún rán bá ń wọlé fún irú bàbá yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á rí ọmọṣẹ́.

Mi ò sì gbà pé ohun òkèèrè lásán ni iṣẹ́ awọ jẹ́ fún wa. Awọ ewúrẹ́ pupa tí wọ́n ń ṣe ní Kánò àti Sókótó ni ràkúnmí ń gbé la aṣálẹ̀ Sàhárà já lọ sí Mòrókò láyé àtijọ́, tí àwọn òyìnbó fi ń pè é ní awọ Mòrókò, tí wọ́n sì ń fi í bo ìwé olówó ńlá. A mọ awọ tó dára kí wọ́n tó gbé bàtà onígọ́ọ̀mù dé.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò nira. Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ bá mi tẹ àwòrán bàtà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà yìí bí àyè bá wà, kí àwọn ènìyàn lè mọ ojú ìrán tí mò ń sọ. Ẹ̀yin ìdílé tí ẹ ní yàrá bàbá tàbí ìyá tí ẹ ò tíì ṣí, bí ẹ bá ṣí i, ẹ kó bàtà jáde síbi tí afẹ́fẹ́ wà, ẹ dojú wọn délẹ̀, ẹ wá òwú. Èyí tó bá sán jinlẹ̀ tàbí tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ń fọ́, ẹ jẹ́ kó lọ. Èyí tó kù, ẹ fi wọ ọmọ àti ọmọ-ọmọ yín wò. Bí kò bá bá ẹnikẹ́ni mu, ẹ gbé e fún aránbàtà tó sún mọ́ yín, á fún yín ní nǹkan díẹ̀ lórí rẹ̀, á tún un ṣe, á sì tà á fún olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fẹ́ bàtà aláwọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí kò lówó tuntun. Ọmọbìnrin kan tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi lọ gba iṣẹ́ ní báǹkì pẹ̀lú bàtà ìyá ìyá rẹ̀, dúdú tó ga níwọ̀nba, tí a pààrọ̀ híìlì rẹ̀ ní ₦1,500.

Mo fẹ́ kí lẹ́tà yìí jáde kí oṣù Kejìlá tó dé, bí ó bá ṣeé ṣe. Ìgbà Kérésìmesì ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó àti òkè òkun máa ń wálé, ìgbà náà ni wọ́n máa ń ṣí yàrá tí wọ́n ti tì pa, tí wọ́n á sì pe àwọn ọmọ àdúgbò láti kó ohun inú rẹ̀ dànù.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ kan ní Ìṣọ́kùn, Iléṣà.